Ìka Mẹ́fà Lórí Bọ́tìnnì Keje

Nígbà tí olùyẹ̀wò kan ilẹ̀kùn, Ojúọlápé wo yàrá yíká, kò rí ibì kan tó fọkàn tán ju àyà ara rẹ̀ lọ. Ó ti máòsì tó fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ dáàmù bọ abẹ́ bùbá, ó fi ọmú ọ̀tún jókòó lé e. Láti ìgbà ọmọge ni ibẹ̀ ti ń bá a tọ́jú nǹkan: kọ́kọ́rọ́, owó ọjà, lẹ́tà ọkùnrin kan tí kò fẹ́. Kò já a kulẹ̀ rí. Ohun tó gbàgbé ni pé ọmú ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kì í jókòó sójú kan mọ́. Ó wúwo, ó sì ń rìn kiri.

"Wọlé," ó ní. "Kò tì."

Ọmọbìnrin tó wọlé kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó wọ aṣọ funfun ti Iléeṣẹ́ Ìsinmi, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà pé ÒKÚ KÒ GBỌDỌ̀ ṢIṢẸ́, ó sì gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sábẹ́ apá. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ìbíyẹmí lorúkọ mi. Wọ́n ní kí n wá yẹ ilé ìṣọ́ dáàmù yìí wò."

"Dìde, ọmọ mi. Kí ni wọ́n ní ó wà ńbẹ̀?"

"Ọwọ́ òkú, mà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé aáyán ni wọ́n rán an wá pa. Ojúọlápé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín ẹnu nìkan. Inú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á mi ikùn, á mi ọmú, á mi àga tó jókòó lé. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kan dún tẹ́ lábẹ́ bùbá rẹ̀.

Níta, irin bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

"Géètì kìíní ń ṣí," ni Olóhùn wí láti ara ògiri. Olóhùn ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá bá a ṣọ́ dáàmù, ó sì máa ń sọ ohun gbogbo bí ẹni tó ń ka ìwé ìsìnkú.

Ìbíyẹmí wo fèrèsé. "Màmá, ta ló ń ṣí i?"

"Bóyá afẹ́fẹ́ ni."

"Irin tó tóbi tó ilé yìí?"

"Afẹ́fẹ́ ibí máa ń le."

"Géètì kejì ń ṣí," ni Olóhùn wí.

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ojúọlápé mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí bí ó ti mọ ìró èémí ara rẹ̀. Ojoojúmọ́, fún ọdún mọ́kànlá, ó ti ń gbọ́ ọ: géètì kìíní, géètì kejì, lẹ́yìn náà kí gbogbo nǹkan dúró jẹ́ẹ́, kó tó kan ẹ̀kẹta. Ó gùn tó kí ọkùnrin kan ṣí agolo áṣáà, kó fà á sí ihò imú kan, kó fà á sí èkejì, kó wá nu imú. Ohun tí Ojúọlápé sì gbà gbọ́ nìyẹn, pé áṣáà ni olóògbé ọkọ rẹ̀ ń fà. Bí ó bá ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ó máa ń sọ lọ́kàn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má sín sórí ẹ̀rọ."

Ṣùgbọ́n lónìí, àpótí tó wà lábẹ́ apá ọmọbìnrin náà ti tan iná.

"Géètì kẹta ń ṣí," ni Olóhùn wí. Nísàlẹ̀, omi ya wá, ó bo afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níwájú géètì náà mọ́lẹ̀.

Ìbíyẹmí wo àpótí rẹ̀. Ó wo Ojúọlápé. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ọmọ tó mọ̀ pé àgbà ló wà níwájú òun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà láyà yín?"

"Ọmú ni."

"Méjèèjì?"

"Iye tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn."

"Èwo nínú wọn ló ń tan iná pupa, mà?"

Ojúọlápé wo àyà rẹ̀. Lóòótọ́, iná pupa kan ń mí lábẹ́ bùbá léèsì, ó ń tàn, ó ń kú, bí ẹyin iná tí wọ́n ń fẹ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde tán. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó yọ máòsì náà, ó gbé e lé tábìlì. Ó gbóná, ó sì lààgùn.

"Olóhùn, ti géètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo gbọ́, Màmá Ojúọlápé. Ẹ kú iṣẹ́."

"Pa ẹnu dé."

Ìbíyẹmí kò fọwọ́ kan máòsì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ìran tirẹ̀ kì í fọwọ́ ṣe nǹkan mọ́, ojú ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó yí ojú sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, àpótí náà ṣí fúnra rẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun nìyí. Èkúté ni mo ń pè é."

Kì í ṣe nǹkan iyebíye. Ọjà pọ́ọ́kú ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí fún àwọn ọmọ tí ń fi géèmù jagun. Bọ́tìnnì méjìlá ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí hóró àgbàdo, gbogbo wọn fún àtàǹpàkò kan ṣoṣo, a sì lè kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe: á ká ìrìn ọwọ́ ẹni pa mọ́, á sì máa tún un ṣe. Ọkọ Ojúọlápé, Olúgbódi, ló rà á nígbà tí ohun tí wọ́n fi ń ṣí dáàmù bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò wá tún un ṣe. Ẹni tó tà á fún un ti kìlọ̀ pé kò ní lo ọdún kan. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti rí ẹ̀yìn ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á.

Kì í ṣe pé ó gbádùn o. Ní ọdún kẹrin, rọ́bà tó bò ó yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje. Olúgbódi fi kẹrosíìnì nù ún títí tó fi bó, tó wá ń dán bí orí apárí. Iná aláwọ̀ méje tó ní kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku pupa. Ẹsẹ̀ tó fi ń yọ̀ lórí tábìlì jẹ tán. Ọkùnrin náà gé sálúbàtà rọ́bà ìyàwó rẹ̀, ẹyọ kan péré nínú méjì, ó fi gúlùù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nídìí. Ìjà tí wọ́n jà nítorí sálúbàtà yẹn, títí dé òdìkejì odò ni wọ́n gbọ́ ọ. Nọ́ńbà ojú àwọn bọ́tìnnì ti parẹ́ pátápátá. Bọ́tìnnì keje nìkan ni ojú kì í ṣì, nítorí ó ti jẹ wọlé, ó ti di kòtò.

Bọ́tìnnì òsì, èyí tó wà lókè, ti ya wèrè. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò dún lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, yóò dá dún lórí tábìlì: ká, ká. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, Olúgbódi kò tíì lò tó ogójì ọjọ́ nílẹ̀. Inú ilé ìdáná ni Ojúọlápé wà, ó ń ro ọkà. Ó gbọ́ ọ, ó sì dáhùn kó tó ronú pé, "Mo ń bọ̀." Ó gbé igi ìrokà lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá yìí, ó bá àga tó ṣófo. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dún, ó máa ń dáhùn. Kò rò pé wèrè ni. Ó kàn rò pé kò dáa kéèyàn má dáni lóhùn.

"Irú àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà," ni Ìbíyẹmí wí, nígbà tí máòsì náà dá dún lójú rẹ̀, tí Ojúọlápé sì dá a lóhùn. "Irin inú rẹ̀ ló ti rẹ̀."

"Irin inú tèmi náà ti rẹ̀, n kì í dún."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tètè kó o jẹ. Ó yọ irin bíńtín kan tó dà bí èékánná lára ẹ̀rọ dáàmù, irin tí máòsì náà ń bá sọ̀rọ̀, ó tì í bọ àpótí tirẹ̀. "Kó má baà ṣí géètì mọ́," ó ní. "Inú àpótí nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ báyìí. Màmá, ta ló kọ́ bọ́tìnnì keje?"

"Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Ojúọlápé na ọwọ́ ọ̀tún. Ìbíyẹmí ka ìka rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀kan sí ìkejì.

"Márùn-ún ni, mà."

"Mélòó lo ń wá?"

Olùyẹ̀wò yí ojú sókè. Ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú àpótí, ó tẹ́ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọwọ́ kan lórí máòsì náà. Ìka ìlábẹ̀ kọ́kọ́ yọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò yọ, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ìka kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Ojúọlápé dìde, ó sì tún jókòó. Ìka yìí ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Olúgbódi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òun ló fi ń tẹ bọ́tìnnì karùn-ún àti ìkẹfà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí oníka márùn-ún kankan kò lè ṣe. Òun náà ló máa ń fi rìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn nígbà tí ilé bá dá. Ó na ọwọ́ sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà gun orí ọwọ́ rẹ̀, kò gbóná, kò tutù.

"Ọkọ mi ni," ó ní.

"Mo mọ̀, mà. Ìgbà wo ló kú?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Ogójì ọjọ́ ni òfin fún yín láti mú un wá."

"Mo gbọ́. Mo ń bọ̀ wá mú un wá ni. Orúnkún ló ń dùn mí."

Ìbíyẹmí jókòó sórí àpótí ìjókòó tó kọjú sí i, láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Kí ni òkú tiẹ̀ ṣe yín?" ni Ojúọlápé bi í. "Kò jẹun yín. Kò gba owó yín. Bọ́tìnnì kan péré ló wà."

"Bàbá mi wa ọkọ̀ akẹ́rù," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kó tó kú, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ti ká ọwọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Tó bá ń kọjá níwájú ilé wa, á fun fèrè bí bàbá mi ti máa ń fun ún: gígùn kan, kúkúrú méjì, kí ìyá mi lè mọ̀ pé òun ti dé. Ìyá mi á sáré jáde. Gbogbo ìgbà ló máa ń sáré jáde, Màmá. Ọkọ̀ náà kì í dúró."

Ká, ká, ni máòsì náà wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, Ojúọlápé kò dá a lóhùn.

"Ìyá rẹ ń kọ́?" ó béèrè.

"Ó wà, mà. Ó ń pariwo mọ́ mi lójoojúmọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Níta, omi ti ń fà. Orí àwọn òpó afárá ti ń yọ, wọ́n dúdú, wọ́n sì ń kán tótó.

"Mo ní láti kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ náà ṣe sílẹ̀ kí n tó pa á rẹ́," ni Ìbíyẹmí wí. Ó yí ojú, ọwọ́ oníìmọ́lẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Níbí ló ti ṣí ìkìíní. Níbí, ìkejì. Ó wá dúró níbí, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì."

"Áṣáà ló ń fà."

"Rárá, mà. Ẹni tó ń fa áṣáà yóò gbé ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ yìí kò kúrò lórí máòsì. Ẹ wò ó."

Lórí tábìlì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Ó ń rọra lọ láti ọ̀tún sí òsì, díẹ̀díẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Láyé àtijọ́, ọfà kékeré kan máa ń wà lójú ẹ̀rọ, tí máòsì ń darí," ni Ìbíyẹmí wí. "Ọfà náà ló ń gbé lọ báyìí. Kí ló wà lójú ẹ̀rọ nígbà yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ọdún tó kú náà ni wọ́n yọ ojú ẹ̀rọ kúrò, tí wọ́n gbé Olóhùn abohùn-bí-olókùú yìí wá. Àwòrán géètì kẹta ló máa ń wà níbẹ̀. Òun ló máa ń wò kó tó ṣí i."

"Kí ló wà níwájú géètì kẹta?"

Ojúọlápé wo fèrèsé. Afárá ti yọ tán, ó na láti etí odò kan dé èkejì, ó ń dán nínú oòrùn.

Òdìkejì odò ni oko rẹ̀ wà láyé ìgbà yẹn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń ṣí dáàmù, ọ̀sán gangan náà lòun máa ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ wálé. Fèrè dáàmù á dún, àwọn obìnrin yòókù á ti sáré kọjá tipẹ́. Òun kì í sáré. Á tẹ afárá náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí, bí ẹni pé òun ló ni odò. Omi kò sì bá a lórí afárá rí, kódà fún ọjọ́ kan. Ó ti fi èyí fọ́nnu káàkiri, nílé ìyàwó àti nílé òkú, pé òun mọ ojú omi, pé odò ń bẹ̀rù òun. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ojú omi. Irọ́ gbuu. Géètì ló ń dúró dè é.

"Ó dúró níbí," ni Ìbíyẹmí wí. "Láàárín méjì gan-an. Ó mi síhìn-ín, ó mi sọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì tẹ bọ́tìnnì òsì lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣí nǹkan kan, kò ti nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí mo máa pe èyí."

Ojúọlápé fi ìbòrùn bo ẹnu. Láàárín afárá ni òun náà máa ń dúró. Á kẹ̀yìn sí ilé ìṣọ́ yìí, á sì gbọn ìdí lẹ́ẹ̀mejì, fún ọkùnrin tó jókòó sínú rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ máa ń le bí ẹni tí àga ń ta nídìí. Ìdí nígbà náà jẹ́ ìdí o. Olúgbódi kò sọ ọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín sí i. Òun rò pé kò rí i.

"Ọdún wo ló kọ́ ọ ní èyí?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

"Ọdún tó kú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bọ́tìnnì kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà bí òun kò bá lè ṣe é mọ́."

"Ó lè yọ ìdúró yìí kúrò, mà. Kò ṣòro láti yọ. Àwọn tó ń fi irú èyí ṣiṣẹ́ máa ń yọ ọ́."

"Kò yọ ọ́," ni Ojúọlápé wí.

Olóhùn sọ pé omi wà ní ìwọ̀n kẹta. Ìbíyẹmí bo àpótí rẹ̀ láàbọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́. Mo lè kọ ọ́ pé máòsì àtijọ́ tó ti bàjẹ́ ni mo rí. Ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojúọlápé wò ó tìyanu-tìyanu. Láti òwúrọ̀ tó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ohun tó ń bẹ̀ nìyí. Ó ti múra láti sunkún, láti bú, láti ṣubú lulẹ̀ bó bá di dandan. Wọ́n wá gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó wo ọwọ́ oníìmọ́lẹ̀ náà lórí tábìlì. Ó ti parí iṣẹ́, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n tún tẹ òun.

"Ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ bàbá yìí jí pé kó wá wo ẹnì kan tó ń bọ̀ láti oko. Èmi kò sì sí lórí afárá. Ibí yìí ni mo wà, mo ń jẹ ẹ̀pà."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà."

"N kò mọ̀. Ìyá rẹ náà kò mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò ní dúró." Ó nu ojú, ó fun imú sínú ìbòrùn, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. "Kí lẹ máa ń ṣe kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́?"

"Òfin fún ẹbí ní ìdágbére kan. A ó jẹ́ kí ọwọ́ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó."

"N kò ní jókòó. Fún mi ní nǹkan tí mo lè fi gbọ́ ọ."

Ìbíyẹmí yọ ìgbọ́rọ̀ etí rẹ̀ kan, ó fi sí etí àgbàlagbà náà. Ojúọlápé mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó gbé e lé máòsì, ó tò ó ní ìka-ìka.

"Rọra. Kò ní jẹ ọ́. Wá kòtò kan pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ. O rí i? Keje nìyẹn. Bí mo bá ní ó yá, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Má fi ojú tẹ̀ ẹ́ o, ọwọ́ ni."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé afárá, ó sì tún pẹ́ kó tó kọjá sí òdìkejì. Orúnkún ọ̀tún ń bú u, ti òsì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Afárá tutù, ó ń yọ̀, Ojúọlápé sì bọ́ bàtà sọ́wọ́. Lápá ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀, àwọn ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ebè, láìsí ènìyàn kan. Ó yíjú padà sílé. Fèrèsé ilé ìṣọ́ kéré lókè lọ́hùn-ún bí ojú abẹ́rẹ́. Kò tíì wò ó láti ibí láti ìgbà tí wọ́n ti sin Olúgbódi.

"Ìbíyẹmí."

"Mà."

"Ó yá."

Ó gbọ́ bí bọ́tìnnì keje ṣe dún létí rẹ̀.

"Ó ti ṣí ìkìíní, mà, nínú àpótí. Ó ti ṣí ìkejì." Ọmọbìnrin náà mí. "Ó ti rí yín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀."

Ojúọlápé gbé ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè orí bí ẹni di ẹrù mú, láìmọ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ó mọ̀ pé Olúgbódi ń wo òun, kì í ṣe òun yìí, bí kò ṣe èyí tó ti kọjá níbí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó sanra, tó yọ̀, tó rò pé odò ń bẹ̀rù òun. Ó ń gbìyànjú láti bá obìnrin yẹn rìn. Obìnrin yẹn yára.

"Ó ti dé àárín, Màmá. Ó ti dúró."

"N kò tíì dé àárín."

"Ó ń mi síhìn-ín, ó ń mi sọ́hùn-ún. Ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"N kò tíì dé ibẹ̀," ni Ojúọlápé wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Ayé mi ni mo fi ń pẹ́ lẹ́yìn."

"Ó ti ń lọ, mà."

"Sọ fún un kó dúró dè mí."

"Kò lè dúró ju bó ṣe kọ́ ọ lọ, mà. Ó ku díẹ̀ kó dé etí odò. Ó ti dé. Màmá, ó ti délé. Ó ti ṣí géètì kẹta."

Kò sí omi tó wá. Géètì kẹta dúró gbọnyin lókè orí rẹ̀, ó ti dípẹtà, ó sì dákẹ́. Ojúọlápé rìn títí ó fi dé àárín afárá. Ó di irin mú, ó kẹ̀yìn sí ilé ìṣọ́ náà, ó sì gbọn ìdí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Eegun kan dún níbì kan. Kò sí ẹni tó wò ó bí kò ṣe ọmọ ìjọba kan ní fèrèsé.

"Pa á rẹ́," ó ní.

Ó gbọ́ pé Ìbíyẹmí mí sínú, mí síta.

"Ó ti parẹ́, mà. Bọ́tìnnì keje kò ní nǹkan kan mọ́."

Ojúọlápé tún bọ ọ̀nà. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta nígbà tó gbọ́ ọ létí rẹ̀, kedere, bí ẹni tó ń fi èékánná kan tábìlì: ká, ká.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọmọbìnrin náà sáré wí. "Èmi kọ́ o. Bọ́tìnnì òsì yẹn ni, irin inú rẹ̀..."

"Mo mọ̀," ni Ojúọlápé wí. Ó gbé bàtà rẹ̀ sí ọwọ́ kejì, ó sì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́, lórí afárá tó tutù. "Mo ń bọ̀."